Ẹgbẹ̀rún Kan Kándẹ́là

Oníná ni ọkọ Adúmáadán, àmọ́ kò sẹ́ni tó ń pè é ní oníná. Oníṣirò ni gbogbo ayé ń pè é. Tí ẹ bá ní kó wá pààrọ̀ gílóòbù kan ṣoṣo ní bálùwẹ̀ yín, á kọ́kọ́ wo fífẹ̀ ibẹ̀, á wo gíga àjà, á gbójú sókè, ètè ẹ̀ á máa mì wúyẹ́wúyẹ́, lẹ́yìn náà ló máa wá sọ iye wáàtì tó tọ́ sí ẹni tó fẹ́ wẹ̀. Àwọn èèyàn á máa fi í rẹ́rìn-ín. Àmọ́ ká sọ tòótọ́, kì í sábà ṣìṣe. Ohun tó bà á jẹ́ gan-an nìyẹn. Ó ti pẹ́ tí ìṣirò ẹ̀ ti ń tọ̀nà débi pé kì í gbọ́ tẹnikẹ́ni mọ́.

Ìyàwó ẹ̀ ń ṣiṣẹ́ nídìí ayùn nílé pákó Bàbá Pákó. Ayùn tí mò ń wí yìí kì í ṣe ayùn ọwọ́ o. Ayùn ẹlẹ́ńjìnnì ni, irin rìbìtì tí eyín yí po, tó yọrí sókè láàárín tábìlì irin, tó ń yí bìrìbìrì títí ojú ò fi ní rí eyín ẹ̀ mọ́. Èèyàn á máa fọwọ́ ti pákó sí i, á sì máa là á gbọọrọ. Gíga, tó ń ṣiṣẹ́ nídìí ayùn kejì, ti fi ìka kan sílẹ̀ níbẹ̀. Ẹni tó wà níbẹ̀ ṣáájú Gíga fi méjì sílẹ̀, kò sì padà wá mọ́. Adúmáadán ló pẹ́ jù nínú wọn, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sì pé pérépéré. Kì í kánjú, kì í sọ̀rọ̀ nídìí ẹ̀rọ, kì í sì í gba àwàdà níbẹ̀.

Síbẹ̀, láàárọ̀ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan tó bá ti jáde nílé, ọkàn ọkọ ẹ̀ kì í balẹ̀. Á máa ṣiṣẹ́ ẹ̀ kiri, á máa gun àkàbà, á máa fa wáyà, àmọ́ ọwọ́ ìyàwó ẹ̀ ló máa wà lọ́kàn ẹ̀ títí obìnrin náà á fi wọlé lálẹ́. Tó bá ti wọlé, ọwọ́ yẹn ló kọ́kọ́ máa ń wò kó tó wo ojú ẹ̀. Kò sọ ọ́ fún un rí. Ojú ń tì í.

Ilé pákó náà ò ní fèrèsé kankan. Ibi tí wọ́n ń kó ẹja dídì sí ló jẹ́ tẹ́lẹ̀, kí Bàbá Pákó tó rà á: ògiri ẹ̀ nípọn, ilẹ̀kùn irin kan ṣoṣo ló ní, àjà ẹ̀ sì ga. Gílóòbù méjìlá ló so kọ́ àjà ẹ̀, onígba wáàtì lọ́kọ̀ọ̀kan, tí wọ́n ń gbóná tí wọ́n ń ṣe bí ààrò. Lọ́jọ́ kan, lẹ́búlẹ́bú pákó tó ti kó sórí ọ̀kan nínú wọn bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Èéfín ń rú lókè orí àwọn òṣìṣẹ́. Bàbá Pákó, tó jẹ́ pé ẹlẹ́rìn-ín èèyàn ni, ẹ̀rín tán lẹ́nu ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn.

"Oníṣirò, wá bá mi yọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kúrò kí wọ́n tó sun mí mọ́lé."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, sà. Iná tuntun ti wà tí kì í gbóná."

Ó gba ṣọ́ọ̀bù oníná lọ. Obìnrin tó ń tajà níbẹ̀ ń wo fíìmù lórí fóònù ẹ̀, kò tiẹ̀ gbójú sókè dáadáa kó tó fa páálí kan yọ. Iná kékeré kan ló wà nínú ẹ̀, ojú ẹ̀ jin sínú bíi fùnẹ́lì. Wọ́n kọ ọ́ sára páálí náà gàdàgbà pé ẹgbẹ̀rún kan kándẹ́là.

"Lúmẹ́nì ẹ̀ ńkọ́?" Oníṣirò bi í.

"Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni mo mọ̀ o. Àwọn tó ń ta bàtà ló máa ń rà á, wọ́n fi ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí bàtà tí wọ́n bá pàtẹ. Ó mọ́lẹ̀ gan-an, mo lè tàn án kẹ́ ẹ wò ó."

Ó tàn án. Ó kọ ojú iná náà sí Oníṣirò, ojú ẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́. Ẹlòmíràn ì bá dúró bi ara ẹ̀ léèrè pé kí ló pa iná bàtà pọ̀ mọ́ ilé pákó. Oníṣirò ò bi ara ẹ̀ ní nǹkan kan, ètè ẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í mì.

Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ohun tó ń ṣe lọ́kàn, torí ibẹ̀ ni gbogbo wàhálà yìí ti bẹ̀rẹ̀. Lúmẹ́nì ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tí iná kan ń tú jáde, lókè, nísàlẹ̀, lọ́tùn-ún, lósì, tí a bá kó gbogbo ẹ̀ jọ. Kándẹ́là ni bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe le tó ní ìhà kan ṣoṣo tó kọjú sí. Ọ̀gá tó kọ́ Oníṣirò níṣẹ́ ti sọ fún un nígbà tó wà lọ́mọṣẹ́ pé tó bá ti mọ kándẹ́là, kó sọ ọ́ di ìlọ́po méjìlá ààbọ̀, lúmẹ́nì ló bọ́ sí i lọ́wọ́ yẹn. Òótọ́ sì ni, fún gílóòbù ìhòòhò tó ń tàn yíká ara ẹ̀. Irú gílóòbù bẹ́ẹ̀ nìkan ni ọ̀gá náà lò títí ó fi kú, kò sì rí ìdí kankan láti fi "àmọ́" kún ọ̀rọ̀ ẹ̀.

Ìlọ́po méjìlá ààbọ̀ ẹgbẹ̀rún kan, ẹgbẹ̀rún méjìlá ààbọ̀ lúmẹ́nì. Gílóòbù onígba wáàtì kì í tú ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́ta lọ. Ìyẹn ni pé ọ̀kan nínú èyí tó mẹ́rin nínú tàtijọ́, mẹ́ta péré á sì rọ́pò méjèèjìlá. Inú Oníṣirò dùn débi pé ó ń dá rẹ́rìn-ín ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ra mẹ́rin, kí ọ̀kan lè wà nílẹ̀ bí òmíràn bá bàjẹ́.

Lọ́jọ́ tó tan àwọn iná náà, ariwo sọ nílé pákó. "Háà! Ọ̀sán ti pọ́n sínú ilé!" Òbìrìkítí funfun kan hàn lórí ilẹ̀ lábẹ́ iná kọ̀ọ̀kan, èèyàn lè ṣa abẹ́rẹ́ níbẹ̀. Gíga bọ́ sínú ọ̀kan, ó ń jó bí ẹni wà lórí ìtàgé. Bàbá Pákó ń pàtẹ́wọ́, ó ń gbá Oníṣirò lẹ́yìn gbì-gbì. Ibi tó mọ́lẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò, kò sẹ́ni tó wo àárín iná kan sí èkejì. Adúmáadán nìkan ni kò pariwo. Ìdí ayùn ẹ̀ ló dúró sí, lọ́hùn-ún lẹ́bàá ògiri, níbi tí òbìrìkítí kẹta parí sí, ó ń na ọwọ́ síwájú, ó ń fà á padà, ó ń wò ó.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n jẹun tán, ó ní, "Ọkọ mi, iná yẹn dáa o. Àmọ́ òjìji mi ń bọ́ sórí ọwọ́ mi."

"Òjìji báwo?"

"Tí mo bá tẹ̀ síwájú láti ti pákó, orí mi ló ń dí ìmọ́lẹ̀. Ìmọ́lẹ̀ ń bọ̀ láti ibi gbogbo tẹ́lẹ̀. Nísinsìnyí, ẹ̀yìn mi nìkan ló ti ń bọ̀."

Ó rẹ́rìn-ín. "Adúmáadán, ìmọ́lẹ̀ tó wà níbẹ̀ báyìí ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo ṣírò ẹ̀. Ojú rẹ ni kò tíì mọ́ ọn lára."

"Ojú mi kọ́. Mo ní dúdú ni ọwọ́ mi ń ṣe lójú mi."

"Ṣé nọ́ńbà lo wá fẹ́ bá jà báyìí?"

Obìnrin náà dìde. Ó kó abọ́, ó gba kíṣìnnì lọ. Ẹ gbà mí! Ẹni tó ń fi ojú ṣiṣẹ́ ń sọ fún ọ pé òun ò ríran, ìwọ ń bá a sọ̀rọ̀ ìlọ́po. Inú mi ń bí sí ọkùnrin yìí títí dòní.

Nǹkan bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹlẹ̀ ní ilé pákó, nǹkan pẹ́ẹ́pẹ̀ẹ̀pẹ́ tí kò sẹ́ni tó kó o jọ kà. Gíga fi ojúgun gbá òkìtì pákó tó ti wà níbì kan náà láti ọdún tó kọjá. Pákó tí wọ́n là fún ẹni tó fẹ́ kan ìjókòó jáde ní wíwọ́, Bàbá Pákó sì bú gbogbo wọn pé kí wọ́n la ojú wọn. Ẹni tó bá kúrò nínú òbìrìkítí funfun bọ́ sí ìta ẹ̀ á dúró díẹ̀, á máa ṣẹ́ ojú, á na ọwọ́ síwájú kó tó gbé ẹsẹ̀. Adúmáadán wá ọgbọ́n dá sí tiẹ̀. Ó ń yí orí sápá kan kí òjìji lè yẹ̀ lórí ọwọ́ ẹ̀, ọrùn wá ń dùn ún. Lálẹ́, ọkọ ẹ̀ á fi òróró ra ọrùn náà fún un, á ní, "Pẹ̀lẹ́, ìyàwó mi." Kò bi í pé kí ló fi ń yí orí.

Lọ́jọ́ kan ó wọlé, Oníṣirò sì wo ọwọ́ ẹ̀ bó ṣe máa ń ṣe. Ọwọ́ pé. Àmọ́ etí apá aṣọ iṣẹ́ ẹ̀ ti gé, ojú ibi tó gé mọ́ bí ìgbà tí wọ́n fi abẹ gé e.

"Kí ló ṣe aṣọ rẹ?"

"Ayùn ni."

"Ayùn, báwo?"

"Mi ò mọ̀. Mi ò rí i."

Àyà Oníṣirò já. Oorun ò kun ojú ẹ̀ dáadáa. Ẹ wá gbọ́ ohun tó rò lórí ibùsùn o: ojú ìyàwó òun ló ti ń bàjẹ́. Nígbà tílẹ̀ mọ́, ó ní, "Jẹ́ n mú ẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń yẹ ojú wò lónìí."

"Lónìí kọ́. Oníbàárà kan ń bọ̀ wá kó ẹrù ẹ̀, iṣẹ́ pọ̀." Ó ti ń di ìborí ẹ̀. "Tó bá dọ̀la, a máa lọ. Ẹ bá Màmá tún iná yàrá wọn ṣe."

Màmá ni ìyá Oníṣirò, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn. Gílóòbù yàrá rẹ̀ ti ń ṣẹ́jú láti ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tí Adúmáadán jáde tán, Oníṣirò rántí iná kẹrin tó kù nílẹ̀. Ó gun àpótí, ó yọ gílóòbù ogójì wáàtì tó wà níbẹ̀, ó sì so iná tuntun náà kọ́. Yàrá náà ò ní ju fèrèsé kékeré kan, aṣọ sì bò ó.

"Ẹ wò ó, Màmá. Yàrá yín ti di ààfin."

Òbìrìkítí funfun bọ́ sórí ẹní tó wà láàárín ilé. Màmá jókòó lórí ibùsùn ẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀ kiri.

"Iná yìí le, ọmọ mi. Ó le gan-an ni. Sálúbàtà mi dà?"

"Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ yín ló wà."

"Ẹ̀gbẹ́ ẹsẹ̀ mi níbo? Ẹní nìkan ni mò ń rí. Gílóòbù tó ń ṣẹ́jú yẹn sàn fún mi, bó ṣe ń kú tó ń jí, mò ń rí sálúbàtà mi."

Oníṣirò fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ó bojú wolẹ̀ kó fi sálúbàtà náà hàn án, òun náà ò sì rí i. Ó wo igun yàrá, ó ṣókùnkùn. Ó wo ibùsùn, ojú ìyá ẹ̀ ló ń rí bí ẹni ń wo èèyàn lẹ́yìn aṣọ. Gílóòbù ogójì wáàtì ṣì wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́.

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gbé páálí iná náà lọ sójú fèrèsé, ó ń yí i po. Àwòrán kékeré kan wà nídìí ẹ̀, iná kan tí ìlà méjì jáde lára ẹ̀ tí wọn ò sì ya ara wọn púpọ̀, wọ́n wá kọ ogójì sí àárín wọn pẹ̀lú òdo wínníwínní lókè ẹ̀. Ó mọ àmì yẹn. Kò sí oníná tí kò mọ̀ ọ́n. Àárín ìlà méjì yẹn nìkan ni iná náà ń tàn sí. Ibi tó kù, kò tàn síbẹ̀ rárá.

Ẹ mọ rọ́bà tí wọ́n fi ń bomi rin ilẹ̀. Tí ẹ bá fọwọ́ fún ẹnu ẹ̀ pọ̀, omi á ta jìnnà, á le, àmọ́ ẹ ò fi kún omi. Lúmẹ́nì ni omi náà, kándẹ́là ni bó ṣe ń ta. Iye ìgbà tí Oníṣirò sì ti fọwọ́ fún rọ́bà pọ̀ láyé ẹ̀, kò lóǹkà. Àmọ́ nígbà tó kan iná yìí, ó mú títa ojú kan ṣoṣo, ó ṣírò ẹ̀ bí ẹni pé bó ṣe ń ta yíká gbogbo ara ẹ̀ nìyẹn.

Ó tún un ṣírò. Ètè ẹ̀ ń mì, òógùn ń bọ́ sójú ẹ̀. Ó dé ìdí ẹ̀, kò gbà, ó tún un ṣe. Kò tó irinwó lúmẹ́nì. Iná tó pè ní gílóòbù mẹ́rin ò tó gílóòbù ogójì wáàtì tó wà lọ́wọ́ ẹ̀ yìí. Mẹ́ta irú ẹ̀ ló wà nílé pákó, ní gbogbo gbọ̀ngàn yẹn, níbi tó ti fọwọ́ ara ẹ̀ yọ méjìlá kúrò. Gílóòbù bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀, ó fọ́ yángá.

"Kí ló dé?" Màmá ti dìde. "Ọmọ mi, kí ló ń ṣe ọ́?"

"Ìyàwó yín ni, Màmá. Inú òkùnkùn ló ti ń ṣiṣẹ́. Èmi ni mo fi í síbẹ̀. Ó sọ fún mi, mi ò gbọ́."

Ó pe fóònù Adúmáadán. Ó dún títí ó dákẹ́, torí inú àpótí lẹ́nu ọ̀nà ni gbogbo wọn máa ń fi fóònù sí kí wọ́n tó wọlé. Ó pe Bàbá Pákó.

"Sà, ẹ dákun, ẹ dá iṣẹ́ dúró. Ẹ ní kí wọ́n jáde. Iná yẹn ò tó."

"Iná wo? Iná tó ń fọ́ wa lójú?"

"Ìṣirò mi ò tọ̀nà, sà."

Ẹ̀rín bú lẹ́nu Bàbá Pákó. "Ìwọ kẹ̀! Ìṣirò tìẹ! Ẹ gbọ́ mi o, ọtí ti wọ Oníṣirò lára láàárọ̀ kùtù. Oníbàárà wà níwájú mi, jọ̀ọ́." Ó pa fóònù.

Alùpùpù ló gbé e lọ. Ó ń lu ẹni tó wà á léjìká, "Sáré, jọ̀ọ́, sáré," ìyẹn ń sọ pé òun ò ní ìyẹ́. Nígbà tí wọ́n dé, kò dúró kí ẹnikẹ́ni, ó kọjá lára Bàbá Pákó àti oníbàárà ẹ̀ níta, ó fi èjìká ti ilẹ̀kùn irin, ó wọlé. Ilẹ̀kùn náà wúwo, ó sì padà tì fúnra ẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀.

Ariwo ayùn kún inú ilé dé àjà. Ó dúró, ó wò. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tó fi ojú lásán wo ibẹ̀, láìsí nọ́ńbà kankan lórí ẹ̀. Òbìrìkítí funfun mẹ́ta ló rí, òkùnkùn sì ni gbogbo ibi tó kù. Àwọn èèyàn ń jáde nínú òkùnkùn yẹn, wọ́n ń wọ̀ ọ́ padà, pákó ń yọrí láìsí ẹni tó gbé e. Ní ìpẹ̀kun lọ́hùn-ún, ó rí Adúmáadán. Obìnrin náà tẹ̀ síwájú. Òjìji orí ẹ̀ dúdú lórí tábìlì irin náà, ọwọ́ ẹ̀ méjèèjì sì wọnú òjìji yẹn, ó wá dà bíi pé wọ́n parí sí ọrùn ọwọ́. Pákó tó ń tì ti ń tán lọ, ó ti kúrú, ọwọ́ yẹn sì ń lọ síwájú.

"Adúmáadán!"

Kò gbọ́. Gbogbo wọn ló fi nǹkan dí etí. Ó tún pariwo. Òkìtì pákó kún àárín òun pẹ̀lú ìyàwó ẹ̀, kò lè sáré débẹ̀ kí pákó yẹn tó tán. Lára ògiri, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọwọ́ ọ̀tún ẹ̀ gan-an, ìyá súìṣì wà níbẹ̀, èyí tó ń gbé gbogbo ilé náà ró, àtiná àtayùn. Ọwọ́ ẹ̀ ti wà lórí ẹ̀ kó tó mọ̀. Ó fà á wálẹ̀.

Ó mọ̀ o. Lọ́jọ́ mìíràn, tí ẹ bá bi í, á sọ ọ́ fún yín láìmí: irin ayùn tó wúwo tó bẹ́ẹ̀ kì í dúró nígbà tí iná bá lọ. Á ṣì máa yí fúnra ẹ̀ fún ìgbà díẹ̀, títí agbára tó wà lára ẹ̀ á fi tán. Ìmọ́lẹ̀ nìkan ló máa ń lọ lójú ẹsẹ̀.

Òkùnkùn ṣú biribiri. Ìkùn ẹ́ńjìnnì dákẹ́, àmọ́ àwọn irin náà ń súfèé nínú òkùnkùn, wọ́n ń yí. Gíga pariwo, "Ta nìyẹn? Ta ló pa iná?" Lọ́hùn-ún, lẹ́bàá ògiri, ohùn ayùn kan yí padà díẹ̀, ó rọlẹ̀, ó tún dìde. Oníṣirò mọ ohùn ayùn tó bá kan pákó. Ìyẹn kọ́ nìyẹn.

"Adúmáadán!"

Àwọn irin náà ń rọlẹ̀ lọ, ọ̀kan dúró, òmíràn dúró. Ó di ọwọ́ súìṣì náà mú. Tó bá gbé e sókè, iná á dé, àmọ́ gbogbo ayùn á tún bẹ̀rẹ̀ sí í yí, kò sì mọ ibi tí ìyàwó ẹ̀ wà.

"Ọkọ mi?" Ohùn ẹ̀ wálẹ̀, bó ṣe máa ń rí nínú yàrá wọn lálẹ́. "Ṣé ẹ̀yin ni?"

"Èmi ni. Ìyàwó mi, èmi ni. Kí ló ṣe ọ́?"

"Ẹ má tíì tan iná. Ẹ jọ̀ọ́. Ẹ jẹ́ n kọ́kọ́ fi ìborí mi di ọwọ́ mi. Mi ò fẹ́ kẹ́ ẹ rí i."

Ó jókòó sílẹ̀ nídìí ògiri, ó ń sunkún, ó ń gbọ́ bí aṣọ ṣe ń ya lọ́hùn-ún. Gíga ti ń fọwọ́ wá ògiri bọ̀, ó ń pe èèyàn, ó ń bú èèyàn. Ó dé ẹnu ọ̀nà, ó sì ti ilẹ̀kùn irin náà síta. Ìmọ́lẹ̀ ọjọ́ wọlé, ó gba àárín òkìtì pákó kọjá dé ìdí ayùn tó kẹ́yìn, ó sì tó kí Oníṣirò rí gbogbo ẹ̀.